Ta Ni Yóò Lóṣòó Sẹ́nu Ọ̀nà Ìjọba?

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi títí di báyìí. Orúkọ tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama ló wà níbẹ̀ lódindi, pẹ̀lú fọ́tò. Ẹni tó kọ ọ́ ní olè ni bàbá náà, pé ó gbówó sá lọ, pé kí gbogbo ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tètè bá a sọ̀rọ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Mi ò bá wọn dá òwò pọ̀ rí. Nọ́ńbà mi wà nínú fóònù Tíṣà ni, ìyẹn nìkan ló kàn mí níbẹ̀.

Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé àwọn áàpù tó ń yáni lówó fún ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí. Ó ṣeé ṣe kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wọ fóònù tiyín náà nípa àna yín, tàbí nípa ẹni tí ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó ń dà mí láàmú ni pé Tíṣà ti pé ẹni ọdún 66. Wọ́n ti fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Iléṣà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Kí ló gbé ẹni tó yẹ kó máa gba owó ìfẹ̀yìntì dé ọ̀dọ̀ ayánilówó orí fóònù?

Ẹ̀gbọ́n mi dá mi lóhùn kíá: "Kí ni wọ́n fi èyí tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ ṣe?" Ìbéèrè tó dáa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn tó fi béèrè rẹ̀ kò dùn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé àìmọ̀wọ̀n ara ẹni ló ń kó àgbà sí gbèsè: aṣọ ẹbí, òkú àna, mọ́tò tí apá kò ká. Ó jọ pé ìjọba pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ fún mẹ̀kúnnù, ìrẹsì ni, tàbí owó táṣẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta ni wọ́n ṣèlérí fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Ẹni tó jẹ ìlọ́po mẹ́wàá owó yẹn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gbèsè kì í sí níbẹ̀ rárá.

Ojú ewé tó ṣófo

Mo lọ kí Tíṣà nílé wọn ní Ìsọ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá wọn, wọ́n ń fi báírò pupa máàkì ìwé ìdánwò, torí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́: ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ló gbà wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló dá a sílẹ̀.

"Ó dé ọ̀dọ̀ tìẹ náà, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Ó dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ àna mi l'Ákùúrẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá mi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àwọn ọmọ mi ló tán. ₦20,000 ni mo béèrè. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti yọ èlé tiwọn sílẹ̀ kí n tó fojú kàn án. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún mi."

Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìwé nóòtù kan jáde. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n, kò sí ohun tí wọn kì í kọ sílẹ̀. Ojú ewé òsì kún dẹ́nu: owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n yá nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn wọ yunifásítì, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ nígbà tí wọ́n ń sin ìyá ìyàwó wọn (wọ́n fìka lé èyí, wọ́n ní, "Eléyìí, ẹjọ́ mi ni. Mi ò bá má ti pa màlúù yẹn"); àwìn oògùn; owó áàpù, tí wọ́n fi ìlà pupa fà nídìí. Lókè ojú ewé ọ̀tún, wọ́n kọ "Àwọn tó jẹ mí". Orúkọ kan péré ló wà lábẹ́ rẹ̀, ti ọmọkùnrin aládùúgbò kan tó yá ₦3,000.

Mo wo ojú ewé náà títí. Mo wá béèrè pé, "Sà, àbọ̀ owó oṣù ńkọ́? Bọ́ǹdì ńkọ́?"

Ẹ̀yin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun, tàbí ọmọ òṣìṣẹ́, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Láti oṣù Keje ọdún 2015, nígbà ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ẹni tó wà ní lẹ́fẹ̀lì 1 sí 7 ń gba owó rẹ̀ pé, ẹni tó wà ní 8 sí 10 ń gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó wà ní 12 sókè ń gba àbọ̀. Ọgbọ̀n oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kà. Ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, tó dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ti ń san àjẹsílẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Bọ́ǹdì ni ti àwọn tó bọ́ sínú ètò ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá owó sí: owó àwọn ọdún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba gbọ́dọ̀ kó sínú àkáǹtì wọn kí wọ́n tó lè rí ohun gidi gbà. Tíṣà fẹ̀yìn tì ní 2019. Lẹ́fẹ̀lì wọn ti kọjá 12 nígbà náà.

Wọn ò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi ìdérí bo báírò náà.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìṣirò. Gbèsè tí o kò lè sìn, ṣé gbèsè nìyẹn? Bí mo bá kọ ọ́ síbí, màá máa rò pé mo lówó níbì kan. Mi ò fẹ́ tan ara mi." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Bàbá mi ru aṣọ lọ sí Ọ̀tùn, wọ́n rù ú dé Àkókó. Òṣómàáló ni wọ́n. Ẹni tó bá jẹ wọ́n, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n á lóṣòó sí, wọn ò ní dìde títí onítọ̀hún á fi wá nǹkan kan bọ̀. Èmi, ta ni kí n lọ lóṣòó tì? Sẹkitéríàtì l'Óṣogbo?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yí mọ́ mi lọ́wọ́. Onígbèsè ni mo ní mo ń lọ kí, ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni mo bá. Bí ẹ bá ro gbogbo ohun tó wà lójú ewé òsì yẹn pọ̀, màlúù àti gbogbo rẹ̀, kò tó àbọ̀ owó oṣù ọdún kan ṣoṣo nínú èyí tí wọn ò san fún wọn lásìkò. Gbèsè Tíṣà, ọmọ gbèsè mìíràn ni. Bàbá rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé.

Ẹni tó kọ́kọ́ lóṣòó ló ń kọ́kọ́ gbowó

Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò ṣàjèjì sí gbèsè. Aṣọ àwìn ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ẹ̀ ń rí nígboro Iléṣà. Àwọn bàbá wa gbé aṣọ lọ sí Èkìtì, Àkókó àti Ìgbómìnà, wọ́n tà á láwìn, wọ́n padà lọ gbowó nígbà ìkórè. Mi ò ní purọ́ pé ojú àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìtìjú ni òwò náà gbé dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá lóṣòó níwájú ilé ẹ, ó rí ilé náà. Ó rí i bóyá àgbàdo wà ní àká, ó gbọ́ bóyá ọmọ ń húkọ́ nínú yàrá. Ó lè dá ọjọ́ mìíràn. Ọdún tó ń bọ̀, ó tún fẹ́ ta aṣọ fún ẹ.

Lóde òní, òfin ló ń yan ẹni tó lè lóṣòó. Ẹ wo báǹkì. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti so gbogbo àkáǹtì wa mọ́ nọ́ńbà BVN kan ṣoṣo. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Báǹkì Àpapọ̀ fún àwọn báǹkì láṣẹ pé bí ẹnì kan bá jẹ wọ́n lówó tí ọjọ́ sì ti kọjá, wọ́n lè fa owó wọn yọ nínú àkáǹtì onítọ̀hún ní báǹkì yòówù kó wà. Kò sí pé wọ́n ń bi ọ́ bóyá owó oògùn ló wọlé lánàá.

Ẹ tún wo àwọn tó yá ìjọba lówó. Ní 2013, Ọ̀ṣun gba owó Sùkúùkù, ìyẹn ẹ̀yáwó tó bá òfin Ìsìláàmù mu, ₦11.4 bílíọ̀nù, ó sì ti gba bọ́ǹdì ṣáájú ìyẹn (ẹ̀yáwó ni bọ́ǹdì tibí, kì í ṣe ti ìfẹ̀yìntì). Àdéhùn tó wà nídìí irú owó bẹ́ẹ̀ ni pé Àbújà ni wọn yóò ti máa yọ owó olówó kúrò nínú ìpín tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ìpínlẹ̀, kí ó tó rí ojú Òṣogbo. Àṣẹ tí a kò lè fagi lé ni. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ láti àárín 2014, tí ìpín náà sì rù, owó àwọn olówó ṣì ń jáde lákọ̀ọ́kọ́. Èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n pín lábọ̀ lábọ̀ fún àwọn tíṣà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní owó kò sí nígbà yẹn, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́ tán. Àwọn kan ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà l'Ábújà kí owó tó wọlé. Tíṣà kò ní àyè níbẹ̀.

Ẹ wá wo òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 fúnra rẹ̀, torí òun ló yà mí lẹ́nu jù. Agbanisíṣẹ́ á dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ á dá 8. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí owó oṣù bá jáde, owó náà gbọ́dọ̀ ti dé ibi tó ń lọ. Bí ó bá pẹ́, owó ìtánràn wà, kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, gba àwọn agbowó síṣẹ́ tí ń lọ yẹ ìwé ilé iṣẹ́ aládàáni wò, tí ń gba àjẹsílẹ̀ pẹ̀lú ìtánràn. Òṣómàáló ìjọba nìyẹn, mo sì kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó lóṣòó síwájú ọ́fíìsì gómìnà kankan.

Ẹni tó bá ní kí òun gba ilé ẹjọ́ lọ yóò bá ẹsẹ̀ 84 òfin Sheriffs and Civil Process pàdé. Bí o bá jàre ìjọba nílé ẹjọ́, tí o sì fẹ́ gba owó rẹ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda Agbẹjọ́rò Àgbà. Agbẹjọ́rò ẹni tó jẹ ọ́ lówó ni yóò fún ọ láyè láti gba owó rẹ. Mo ka ẹsẹ̀ òfin náà lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè rí i dájú pé ojú mi ò ṣì í kà.

Gbèsè kan ń bímọ, èkejì ń rù

Ìyàtọ̀ mìíràn wà láàárín ojú ewé méjèèjì, tíṣà ìṣirò ni yóò kọ́kọ́ rí i. Gbèsè tó wà lápá òsì ń bímọ lóṣooṣù, ti áàpù tilẹ̀ ń bí lójoojúmọ́. Èyí tí ìjọba jẹ kò bí ẹyọ ọmọ kan. Ó ń rù ni. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, ₦197 ni wọ́n ń ta dọ́là kan ní iye ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí wọ́n bá san àbọ̀ owó oṣù 2016 fún lónìí, iye náírà tí wọ́n jẹ ẹ́ gan-an ló gbà, ìwé sì fi hàn pé wọ́n ti san án. Kí ó mú owó náà dé Ọjà Àtàkúmọ̀sà, kí ó wá sọ ohun tó rí rà fún wa.

Wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Mẹ̀kúnnù ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí mọ́. Ní Iléṣà, ẹlòmíràn ni igi náà dínà mọ́, torí gbèsè àgbà kì í dúró lójú kan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí Tíṣà ti yáwó béèrè onígbọ̀wọ́ méjì. Tíṣà bíi tiwọn ni àwọn méjèèjì, wọ́n jọ ń lo yàrá olùkọ́ kan náà. Nígbà tí owó oṣù di àbọ̀ tí Tíṣà kò rí owó san mọ́, ara owó oṣù àwọn onígbọ̀wọ́ ni ẹgbẹ́ ti ń yọ ọ́, owó oṣù tí òun náà ti di àbọ̀. Ọ̀kan nínú wọn bínú, kò sì bá Tíṣà sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Kò sí ibi tí wọn yóò kọ ìyẹn sí nínú ìwé àjẹsílẹ̀.

Lẹ́yìn àwọn onígbọ̀wọ́, ó kan àwọn ọmọ. Àkọ́bí Tíṣà ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, oṣooṣù ló ń fi nǹkan ránṣẹ́, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò tíì lè gba ilé tirẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn rò pé ọmọ náà ti ní ọmú. Láyé àtijọ́, ẹni tó yá owó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kí iṣẹ́ ọmọ náà jẹ́ èlé títí wọ́n á fi san ojú owó. Ìjọba àmúnisìn fòfin de ìyẹn, gbogbo wa sì gbà pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin Tíṣà yìí kò sùn nílé olówó kankan. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì ń san èlé.

Ẹ̀sín ni ohun ìdúró

Báǹkì á béèrè ìwé ilẹ̀, ẹgbẹ́ á béèrè onígbọ̀wọ́. Áàpù kò béèrè ju pé kí o jẹ́ kó wo nọ́ńbà inú fóònù rẹ. Àwọn nọ́ńbà yẹn ni ohun ìdúró. Ọmọ ogún ọdún lè sọ káàdì fóònù nù kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: pásítọ̀ wà nínú fóònù rẹ̀, àna wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kún ibẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe níyì tó ni ohun ìdúró náà ṣe wúwo tó. Àwọn àgbà ló sì sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré nílé tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí bá wọ̀.

Òfin wà, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtánràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún ọ̀kan nínú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ní kí wọ́n máa forúkọ sílẹ̀, òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni sì jáde ní 2023. Ti ọlọ́pàá tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani, ẹsẹ̀ 32 òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn tàbí nítorí ó yẹ àdéhùn, irú èyí tí gbèsè jẹ́. Mo ka èyí fún Tíṣà láti inú fóònù mi. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n mú báírò, wọ́n kọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn ìwé nóòtù.

Àwa tí a jọ jáde ní kíláàsì kan náà dá owó jọ, a san ti áàpù. Kò pọ̀, kò sì jẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Mo mẹ́nu kàn án kí ẹ má baà máa rò ó ni. Kò yanjú ohun kankan, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yóò tún tán lóṣù tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́

Ìlànà ìjọba rò pé bí òṣìṣẹ́ bá ti pé ọgọ́ta ọdún, ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ti àwọn tíṣà, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin kan ní 2022 tó sún un sí 65, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Tíṣà tiwa ti fẹ̀yìn tì ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Wọ́n wá ń ṣe iṣẹ́ kan náà báyìí níbi tí òfin kò ti mọ̀ wọ́n. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tó di ₦70,000 ní 2024 tí Ọ̀ṣun sì sọ di ₦75,000, kò kan agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25. Òfin owó ìfẹ̀yìntì kò fi dandan mú ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 15. Ẹ lọ ka ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó wà láàárín Ìmọ̀ sí Ìsọ̀kùn, kí ẹ wá sọ iye tó ní tíṣà 25 fún mi.

Ètò owó ìfẹ̀yìntì kékeré fún àwọn tí kò níṣẹ́ oṣù bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí o bá dá sílẹ̀, o lè mú un nígbà tí ìnáwó bá dé, 60 á dúró de ọjọ́ alẹ́. Èrò náà dáa. Ìyá alátà kan tí mo sọ ọ́ fún lọ́jà ní, "Owó tí mi ò tíì rí jẹ, ni kí n gbé fún ẹni tí mi ò mọ ilé rẹ̀? Alájọ mi ńkọ́?" Mi ò bá a jiyàn. Ó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó níwèé lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe

Ní England àti Wales, láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn lè lọ bá olùdámọ̀ràn tí òfin mọ̀, bí ó bá sì yẹ, ọgọ́ta ọjọ́ ni kò ní sí olówó tó gbọdọ̀ dà á láàmú, tí èlé kò sì ní gun orí púpọ̀ nínú gbèsè náà. Kò pa gbèsè rẹ́. Ó kàn jẹ́ kí ènìyàn rí àyè ronú ni. Mi ò rí ìdí tí irú rẹ̀ kò fi lè ṣiṣẹ́ níbí, pàápàá fún ẹni tí ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ lówó: níwọ̀n ìgbà tí ìjọba kò bá tíì san tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èlé lé èlé lórí onítọ̀hún. Dípò bẹ́ẹ̀, ní 2024, ètò ẹ̀yáwó fún òṣìṣẹ́ ni ìjọba àpapọ̀ gbé jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Kò burú kí òṣìṣẹ́ rí owó yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jẹ lówó, ẹ̀yáwó kọ́ ni oògùn àìsàn rẹ̀.

Èyí tó wù mí jù lọ rọrùn ju ìyẹn lọ. Kí ìpínlẹ̀ kọ iye tó jẹ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lórí ìwé tó ní òǹtẹ̀, kí èlé máa gun orí rẹ̀ bí ti gbèsè yòókù, kí òṣìṣẹ́ náà sì lè fi ìwé yẹn san ohun tí òun náà bá jẹ ìjọba. Bí àbíkẹ́yìn Tíṣà bá ń lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀, kí wọ́n yọ owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrò nínú àjẹsílẹ̀. Owó ilẹ̀, owó orí, owó ìwé ilé, kí gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba kò ní ka náírà kan jáde. Púpọ̀ nínú ojú ewé òsì Tíṣà ì bá má ti sí: owó yunifásítì ló kọ́kọ́ gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ló dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn onígbọ̀wọ́, nígbà tí ìyẹn sì ti bàjẹ́ ni kò sí ẹni tí wọ́n tún lè yá oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ àfi fóònù.

Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ìjọba. Ó gbọ́ mi jáde, ó ní ọ̀rọ̀ mi kò lórí.

"Bí gbogbo yín bá ń fi ìwé àjẹsílẹ̀ san owó, tí owó gidi kò wọlé, kí ni ìjọba fẹ́ máa ná?"

Mo ní àbọ̀.

Ó ní mo ń ṣàwàdà. Mo ní rárá. Bí owó tó yẹ kó wọlé fún wọn bá di àbọ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á wá owó bọ́ǹdì jáde kí ọdún tó yí po, torí ẹnì kan ti lóṣòó tì wọ́n nìyẹn. Ó mi orí, ó ní òun ò ní gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ síwájú ọ̀gá òun. Mo ní kó fún mi ní orúkọ ẹni tí mo lè kọ lẹ́tà sí nílé aṣòfin l'Óṣogbo, ó sì fún mi.